Àgbò kan, àlejò 40: bí oúnjẹ Iléyá ṣe lè kárí nínú ilé yín

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọdún yìí la máa kọ́kọ́ ṣe Iléyá nínú ilé tiwa ní Òṣogbo. Ẹbí ọkọ mi ń bọ̀ láti Ìkìrun. Àwọn ará ilé tèmi náà ń bọ̀, Kìrìsìtẹ́nì sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn ará ibi iṣẹ́ wa ti ń béèrè aago tí kí wọ́n dé. Gbogbo wa á tó 40. Àgbò kan ṣoṣo lagbára wa ká, iná ìjọba kò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí oúnjẹ á fi kárí, tí n kò sì ní wà nídìí iná látàárọ̀ dalẹ́?"

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ilé o. Ilé á tura, ẹ ó sì fi ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé.

Oúnjẹ ọlọ́pọ̀ èrò ni mo ń sè jẹun, ilé Iléyá tí mo sì ti dáná kò kéré. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún yín, tí gbogbo ìyókù rọ̀ mọ́, nìyí: ẹ má fi àgbò yẹn ṣe ẹran oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ ra ẹran mìíràn sílẹ̀ fún ìrẹsì, kí ẹran àgbò wá dé lẹ́yìn, ní àkókò tirẹ̀. Ilé tí mo ti rí tí àlejò jókòó títí tí ojú ń ti ìyálé ilé, àgbò ni wọ́n ń dúró dè.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọjọ́ náà ṣe máa ń lọ. Kò sẹ́ni tó lè dúńbú ẹran ọdún kí wọ́n tó kírun. Èyí tí wọ́n bá pa ṣáájú ìrun, ẹran jíjẹ lásán ni. Nínú ìlànà Málíkì, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà òfin Ìsìláàmù, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ń tẹ̀ lé, a tún máa ń dúró kí Lèmọ́mù kọ́kọ́ pa tirẹ̀. Kí bàbá ilé tó ti Yídì dé, kó yà kí àwọn àgbà lọ́nà, kó bọ́ aṣọ ọdún sílẹ̀, aago 10 tàbí 11 ti lù. Alápatà tí ẹ bá sọ̀rọ̀ ní ilé mìíràn tó ń lọ. Láti ìgbà tí ọ̀bẹ bá ti kan ọrùn àgbò, kí wọ́n fi iná wi irun rẹ̀, kí wọ́n ha á, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n la inú rẹ̀, kí wọ́n kun ún, kí wọ́n sì pín in, wákàtí méjì sí mẹ́ta nìyẹn. Ẹran àgbò tó ti gbó kì í tètè rọ̀. Yóò tó wákàtí kan lórí iná kó tó ṣeé dín. Aago 3 ni ègé àkọ́kọ́ máa jáde látinú òróró. Àlejò tó bá ti dé láti aago 12 á ti kí yín kú ọdún tán, á wá máa wo ojú yín.

Ọ̀rọ̀ iye ẹran tún wà níbẹ̀. Àgbò tó bá wọn kílò 40 lórí ìdúró, bí ìdajì rẹ̀ ló máa ń di ẹran àti eegun tó ṣeé pín, ẹ jẹ́ ká pè é ní kílò 20. Tí ẹ bá pín in sọ́nà mẹ́ta bí àwọn ààfáà ṣe máa ń gbani nímọ̀ràn, ìdá kan fún ilé, ìdá kan fún ẹbí àti aládùúgbò, ìdá kan fún aláìní, kílò 6 sí 7 ló kù sínú ilé. Tí ẹ bá bọ̀ ọ́, tí ẹ sì dín in, omi àti ọ̀rá rẹ̀ á lọ. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta á sọnù. Kílò 4 àti àbọ̀ ló máa dé inú abọ́. Nínú èèyàn 40, ègé méjì péré ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, eegun sì wà nínú rẹ̀. Ègé méjì yẹn dùn, ó sì tó, bó bá jẹ́ pé ẹni tó ti jẹun yó la gbé e fún. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló wà lórí ìrẹsì, wọ́n á ní ẹ láhun.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní àgbò ti gbé owó lọ, ibo lẹ ti máa rówó ẹran mìíràn. Nínú owó àgbò náà ni. Àgbò tó bá ti pé ọdún kan, tí ojú rẹ̀ kò fọ́, tí kò tiro, tí kò ṣàìsàn, tí kò sì rù hangogo, ó ti tó láti fi ṣọdún. Ìwo gígùn àti ara bẹ̀ǹbẹ̀ kò sí nínú àdéhùn. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí tọkọtaya tó yáwó ra àgbò ńlá nítorí ojú ará àdúgbò, tí wọn kò wá rí owó òróró rà mọ́. Ẹ ra àgbò oníwọ̀ntunwọ̀nsì, kẹ́ ẹ fi ìyókù ra adìẹ mẹ́fà, irú èyí tó ti yé ẹyin tán tí àwọn ọlọ́sìn ń tà kúrò nílẹ̀. Ẹran wọn le díẹ̀, òun ló fi dára fún irú oúnjẹ yìí, nítorí kì í já sínú òróró. Ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́jọ, ègé 48 nìyẹn: ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún àlejò 40, mẹ́jọ á sì kù fún àwọn tó bá yọjú láìròtẹ́lẹ̀. Wọ́n á yọjú.

Ọjọ́ Àráfà, tí í ṣe ọjọ́ tó ṣáájú ọdún, ni ọjọ́ iṣẹ́ yín gan-an. Lọ́jọ́ yẹn lẹ ó bọ adìẹ, tí ẹ ó dín in, tí ẹ ó sì fi omi rẹ̀ pamọ́ fún ìrẹsì. Lọ́jọ́ yẹn lẹ ó lọ ata. Ẹ kọ́kọ́ gbé tòmátì, tàtàṣé, rodo àti àlùbọ́sà tí ẹ lọ̀ kaná láìfi òróró sí i, kí omi inú rẹ̀ gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ tó dín in. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sáré nìyẹn, ìrẹsì wọn á wá máa kan. Ata tó ti dín dénú, tí òróró ti léfòó lórí rẹ̀, á wà títí di ọjọ́ kejì bí ẹ bá fún un ní iná kó hó kẹ́ ẹ tó lọ sùn, tí ẹ sì tún hó o láàárọ̀. Omi ẹran náà, bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá ti hó, ẹ dé e, kí ẹnikẹ́ni má sì ki síbí bọ̀ ọ́ mọ́. Síbí tí wọ́n ti fi tọ́ nǹkan mìíràn wò ló máa ń ba omi ẹran jẹ́ lóru. Bí iná ìjọba bá wà, ẹ gbé e sínú fíríìjì, ó sàn jù.

Bí ẹ bá gbààwẹ̀ Àráfà bí ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń ṣe, ẹ pe ọ̀kan nínú àwọn àbúrò yín tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì kó wá bá yín sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Òun ni yóò máa tọ́ iyọ̀ wò. Òun náà ni yóò gbé omi ìrẹsì kaná nígbà tí gbogbo ilé bá wà ní Yídì láàárọ̀. Ẹbí wa lè ṣe é fún ara wọn: ẹni tó bá yín dáná Iléyá lónìí, ẹ̀yin lẹ máa lọ bá a bó adìẹ nígbà Kérésìmesì.

Ìrẹsì kóńgò mẹ́rin ni kẹ́ ẹ rà. Kóńgò kan máa ń súnmọ́ kílò kan àti àbọ̀, èèyàn mẹ́wàá sì máa jẹ ẹ́ yó. Àmọ́ ẹ má sè é lẹ́ẹ̀kan náà. Kóńgò méjì àbọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé kaná, kó jinná ní nǹkan bí aago 1 ọ̀sán. Kẹ́ ẹ tún gbé kóńgò kan àbọ̀ tó kù kaná ní bí aago 3 fún àwọn tó bá pẹ́ dé. Ata àti omi ẹran ti wà nílẹ̀, nítorí náà ìkòkò kejì kò ní gbà tó wákàtí kan. Ìdí méjì ni mo fi ń rọ̀ yín. Ìkíní, ìrẹsì tó gbóná máa ń dùn ún jẹ, ẹni tó dé ní aago 4 náà á jẹ gbígbóná bíi ti ẹni tó tètè dé. Ìkejì lágbára ju ìyẹn lọ. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus, ó máa ń bá ìrẹsì wá láti oko, iná tí a fi sè é kì í sì pa èso rẹ̀ tán. Tí ìrẹsì bá jókòó sílẹ̀ ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí bíi mélòó kan, á hù padà, á sì pọn oró sínú oúnjẹ. Gbígbé e kaná padà kì í yọ oró yẹn kúrò. Inú rírun àti èébì ọjọ́ kejì ọdún tí a máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹran, ó lè jẹ́ ìrẹsì ló fà á.

Bí ẹ bá máa kó ìrẹsì sínú kúlà, ẹ kọ́kọ́ da omi híhó sínú kúlà náà, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ tó bu ìrẹsì sí i ní gbígbóná janjan. Kúlà tó kún máa ń mú ooru pẹ́ ju èyí tó ṣófo nídajì lọ. Èyí tẹ́ ẹ bá ti bù sí gbangba, tí ó ti pé wákàtí méjì níbẹ̀, ẹ má dà á padà sínú rẹ̀.

Ó ku ti àwọn àgbà. Ìrẹsì kì í ṣe oúnjẹ tí bàbá ẹni 75 ọdún máa fi ṣọdún. Ẹ rokà àmàlà díẹ̀ fún wọn, èlùbọ́ kóńgò méjì á kárí, pẹ̀lú ewédú àti ọbẹ̀ ata tí ẹran inú rẹ̀ rọ̀. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń ru tàbí tí ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe wà nínú wọn dájúdájú, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí iyọ̀ ọbẹ̀ tiwọn le, kẹ́ ẹ sì gbé omi tútù síwájú wọn kẹ́ ẹ tó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Nígbà tí àgbò bá wá kú tán, ibi méjì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́. Ẹ bá alápatà sọ ọ́ ṣáájú pé kò gbọdọ̀ fi táyà wi ẹran yín. Èéfín táyà ń kó oríṣiríṣi májèlé lé awọ ẹran, fífọ̀ kì í sì mú un kúrò tán. Igi gbígbẹ tàbí gáàsì ni kí wọ́n lò, kódà bó bá gba ìdajì wákàtí sí i. Ìkejì ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Owó ni kẹ́ ẹ san fún un. A kì í fi ẹran tàbí awọ ẹran ọdún san owó alápatà. Tí ẹ bá ti san owó rẹ̀ tán, tó wá wù yín láti fi ègé kan ta á lọ́rẹ, ìyẹn ti di ọrẹ.

Kí ọ̀bẹ tó kan ẹran, ẹ ti kọ orúkọ àwọn tí wọ́n máa gba ẹran sínú ìwé. Ẹ bi ìyá ọkọ yín léèrè pé ta ló ń gba itan, ta ló ń gba apá, ta ló ń gba àyà nínú ẹbí wọn. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní àṣà tirẹ̀ lórí èyí, kò sì sí ìwé tí ẹ ti lè kà á. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbé apá fún ẹni tó yẹ kó gba itan, ọ̀rọ̀ náà kò sì tán nílẹ̀ títí ọdún mìíràn fi dé. Ìbéèrè yín yẹn nìkan á dùn mọ́ ìyá. Ẹ kọ́kọ́ bu ti àwọn aláìní, kí ọmọ kan gbé e lọ ní tútù kí aago 2 tó lù, nítorí pé àwọn náà ní ìkòkò tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ tí wọ́n ń dúró.

Ẹ̀dọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú wọlé. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ bu iyọ̀ àti àlùbọ́sà sí i, ẹ yí i nínú òróró gbígbóná títí pupa inú rẹ̀ fi tán pátápátá, kẹ́ ẹ gbé e fún àwọn ọkùnrin tó ń kun ẹran níta. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò gbà, òórùn rẹ̀ á sì ti sọ fún gbogbo àlejò pé ọdún ti bẹ̀rẹ̀. Ṣàkì, ìfun àti fùkù, ẹ fi iyọ̀ àti osàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n, ẹ bọ̀ wọ́n, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ kejì. Pátákó tí ẹ fi gé ẹran tútù kò gbọ́dọ̀ kan àlùbọ́sà tàbí ewébẹ̀ tí ẹnikẹ́ni máa jẹ ní tútù.

Ẹran tí ẹ máa fi pamọ́, ẹ má dì í pa sínú ọ̀rá nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ooru ara àgbò ṣì wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá kó o jọ sínú fìrísà bẹ́ẹ̀, òde á dì, àárín á ti máa rà. Ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kó tutù díẹ̀, ẹ wá pín in sí ọ̀rá kéékèèké ní ìwọ̀n tí ẹ máa sè lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ kò bá sì fọkàn tán iná rárá, ọ̀nà àwọn ìyá wa ṣì dára jù: ẹ bọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ dín in gbẹ, kẹ́ ẹ máa mú un gbóná láàárọ̀ àti lálẹ́.

Bí ẹ bá máa tan jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé e jìnnà sí ilé tó mítà 6 ó kéré tán, kí ẹnu ibi tí èéfín rẹ̀ ń gbà jáde má kọjú sí fèrèsé. Ẹ má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ má gbé e sẹ́yìn kíṣìnnì, ì báà jẹ́ pé òjò ń rọ̀. Afẹ́fẹ́ inú èéfín náà kò ní òórùn, oorun ló fi ń pa èèyàn. Òjò náà sì kan yín: Iléyá 2024 bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà, ti 2025 bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, ọdọọdún ló sì ń fi ọjọ́ 10 tàbí 11 sún sẹ́yìn. Nítorí náà ẹ wá ìbòrí tí wọ́n máa ta síta, kẹ́ ẹ sì ti kó igi ìdáná sábẹ́ òrùlé láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.

Fún mímu, ẹ se sobo. Ẹ fi atalẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó sè é lálẹ́ ọjọ́ Àráfà, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ sì ra omi dídì láàárọ̀. Ẹ sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ yín tẹ́lẹ̀ pé kò sí ọtí líle nílé yín. Tí wọ́n bá ti mọ̀ ṣáájú, kò ní dun ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tó máa gbé páálí bíà dé iwájú ìyá ọkọ yín.

Ẹ wá béèrè bí ẹ kò ṣe ní wà nídìí iná látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ pín iṣẹ́ náà fún èèyàn mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àbúrò yín tó wá sùn ni kó mójú tó ìrẹsì. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ẹran dídín ni kó dúró ti agbada. Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín obìnrin tó dàgbà jù ni kó bu oúnjẹ, kí abọ́ ẹran sì wà níwájú rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni mo ń fi ọkàn bá yín rò jù. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń bu ẹran, ẹni tí tirẹ̀ kéré á rò pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Bó bá jẹ́ ọmọdébìnrin kan ló ń bù ú, abọ́ á ti ṣófo kí èèyàn 20 tó jẹun. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n bá ti jókòó ti abọ́, kò sẹ́ni tó máa bá a jiyàn, ọlá tí ẹ fi fún un níwájú èrò á sì yé e. Ẹ ka ègé ẹran náà fún un kó tó bẹ̀rẹ̀, kó mọ iye tó wà lọ́wọ́ òun.

Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ wẹ̀, ẹ wọ aṣọ ọdún yín kí aago 1 tó lù. Ẹ sọ fún àlejò pé aago 2 ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé kọ́kọ́ jẹun lórí ẹní tiwọn, kí àwọn àgbà tẹ̀ lé wọn kíá, kẹ́ ẹ wá máa rìn láàárín àlejò, kẹ́ ẹ máa wo ẹni tí abọ́ kò tíì dé iwájú rẹ̀. Nígbà tó bá di aago 4, tí wọ́n ti yó, tí ẹ̀rín ti ń ta níta, ẹ ní kí wọ́n gbé ẹran àgbò díndín jáde pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà tútù lórí rẹ̀.

Ìrẹsì tó bá kù lálẹ́, ẹ bù ú ní gbígbóná fún àwọn tó ń lọ, tàbí kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sínú fíríìjì bí iná bá wà. Orí àti ẹsẹ̀ àgbò, ẹ má fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ ọdún. Ọjọ́ kejì ni kẹ́ ẹ se é ní ọbẹ̀ ata gbígbóná fún àwọn tó bá yín ṣiṣẹ́, nítorí wọn kò ní ráyè jókòó jẹun lọ́jọ́ kìíní. Bí ẹ bá mọ iye ọmọdé tó wà nínú àwọn 40 náà, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi kí ọ̀sẹ̀ ọdún tó wọlé, màá bá yín tún ìrẹsì àti èlùbọ́ náà ṣírò.